Yàrá Onílẹ̀kùn Méjì

Kí Ajarat tó di olùtọ́jú yàrá ní kọ́ọ̀tù, tòmátò ló ń tà ní Mile 12. Gbogbo ẹni tó bá a nájà níbẹ̀ ló mọ̀ pé kì í jẹ́ kí oníbàárà lọ bọ̀rọ̀. Bí oníbàárà bá ti gbé ẹsẹ̀ kan kúrò nídìí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, á béèrè ìyá rẹ̀, á béèrè ọmọ rẹ̀, á béèrè bóyá ẹ̀yìn tó ń dùn ún lọ́jọ́sí ti san. Oníbàárà á dúró dáhùn, nítorí èèyàn kì í kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó ń kí i. Kó tó dáhùn tán, tòmátò ti wà nínú báàgì rẹ̀.

Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kò gba ọjà mọ́, ó ríṣẹ́ ìgbálẹ̀ ní kọ́ọ̀tù kan lápá Ìkòsì. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí owó ìrànwọ́ dé. Ẹgbẹ́ kan láti òkè òkun ló fi ránṣẹ́, kí kọ́ọ̀tù lè fi ran àwọn obìnrin àti ọmọ tí wọ́n ń lù nínú ilé lọ́wọ́. Inú àwọn òṣìṣẹ́ dùn. Ẹnì kan ní kí wọ́n fi ra jẹnẹrétọ̀. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n fi tún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọ̀gá ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn tó fi owó ránṣẹ́ mọ èèyàn. Wọ́n ti sọ ohun tí owó wà fún, jẹnẹrétọ̀ kò sì sí níbẹ̀.

Wọ́n fi gba lọ́yà tí yóò máa gbẹnu sọ fún àwọn obìnrin lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n fi gba Aunty Roheemat, tó mọ bí a ṣe ń bá ọmọ tí ẹ̀rù ń bà sọ̀rọ̀. Wọ́n sì sọ yàrá kan tí wọ́n ń kó àwọn fáìlì àtijọ́ sí di yàrá ìdúró. Ó ní àga onítìmùtìmù, ohun ìṣeré ọmọdé àti ilẹ̀kùn méjì. Ọ̀kan kọjú sí ọgbà, èkejì já tààrà sí ibi tí adájọ́ ń jókòó, kí ìyàwó má baà gba iwájú ọkọ kọjá. Ajarat ni wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ méjèèjì fún.

Kò pẹ́ tí Uncle Junaid, akọ̀wé kọ́ọ̀tù, fi rí i pé oorun ọ̀sán dùn lórí àga náà. Ọ̀gá ni, Ajarat kò lè lé e. Ó wulẹ̀ mú pẹ́pẹ́yẹ rọ́bà kan nínú ohun ìṣeré, ó tì í sábẹ́ tìmùtìmù. Uncle Junaid jókòó, pẹ́pẹ́yẹ ké fíìn. Ó dìde, ó tún rọra jókòó, ó tún ké.

"Mummy, kí lèyí?"

"Àga àwọn ọmọdé ni, sà," Ajarat fèsì, ó ń gbálẹ̀ lọ. "Bóyá kò mọ̀ yín ni."

Uncle Junaid padà sídìí tábìlì rẹ̀ lọ sùn.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan, Sẹ̀kínát wọlé pẹ̀lú Labeebah ọmọ rẹ̀. Wọ́n ti fi aṣọ gbé apá Sẹ̀kínát kan kọ́ ọrùn. Muideen ọkọ rẹ̀, tó ń ta irin ní Owódé Onírin, ló ṣẹ́ ẹ. Sẹ̀kínát ti pè é lẹ́jọ́ rí lẹ́ẹ̀mejì, òun náà ló sì tún lọ gbé ẹjọ́ kúrò. Lọ́tẹ̀ yìí, bí kò bá fẹnu ara rẹ̀ rojọ́ láàárọ̀ yẹn, adájọ́ kò ní í pàṣẹ pé kí Muideen jìnnà sílé, ilé kan náà ni gbogbo wọn á sì sùn lálẹ́.

"Muideen kọ́ ni mò ń bẹ̀rù, Mummy," ó ní. "Bàbá Àtàndá ni, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Àwọn ló sọ Labeebah lórúkọ. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá pẹjọ́, wọ́n á ṣí fìlà, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi lẹ́nu géètì. Kí ni mo fẹ́ sọ?"

"Kò sí ohun tóo lè sọ," Ajarat gbà bẹ́ẹ̀. "Bí àgbà bá dọ̀bálẹ̀ fún ọ, ó ti tán. Ohun tó kù ni kó má ráyè dọ̀bálẹ̀."

Ó yọjú lójú fèrèsé. Bàbá Àtàndá ń bọ̀, Muideen ń tẹ̀ lé e. Fìlà ti wà lọ́wọ́ bàbá.

Ajarat gbé àga onítìmùtìmù kan jáde sí ẹnu ọ̀nà ọgbà, ó ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ara rẹ̀, ó sì ti kúnlẹ̀ kí bàbá tó dé.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé àlàáfíà lẹ jí?"

"A dúpẹ́, Àlájà. Ìyàwó wa kan wà nínú—"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ohùn Ìsẹ́yìn kọ́ ni mò ń gbọ́ yìí?"

Bàbá dúró. "Ìsẹ́yìn ni. Ilé ahunṣọ."

"Háà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti bí ìyá tó bí mi. Ẹ jókòó, sà."

Bàbá jókòó. Pẹ́pẹ́yẹ ké fíìn. Ajarat ti gbàgbé pé àga yẹn ni.

"Àga náà ń kí yín ni, sà," ó ní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki bàbá:

"Àtàndá, ọmọ afòwú ṣeré kí òwú má já,
Ọmọ ahunṣọ kó má ta kókó,
Bàbá yín hun tirẹ̀, ìjòyè yà wá wọ̀ ọ́..."

Ojú bàbá rọ̀. Orí rẹ̀ wú. Fìlà tó ṣí láti fi bẹ̀bẹ̀, ó dá a padà sórí, nítorí a kì í gbọ́ oríkì baba ẹni láìdé fìlà. Ajarat fi gìgísẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Nínú yàrá, Aunty Roheemat fa Sẹ̀kínát lọ́wọ́, wọ́n gba ilẹ̀kùn kejì.

"Bàbá," Muideen ní, "wọ́n ti ń pe ẹjọ́ o."

"Dákẹ́. Oríkì ò tíì dé ọ̀dọ̀ bàbá mi àgbà."

Ìwọ̀nba oríkì tí Ajarat mọ̀ tán kíá, ó bá ń hun ìyókù fúnra rẹ̀. Ó ní bàbá àgbà fi ọ̀pá òfì pa ẹkùn. Bàbá kò gbọ́ ìyẹn rí, ṣùgbọ́n kò bá a jiyàn.

Muideen kò lè dúró mọ́, ó sáré lọ sí kọ́ọ̀tù. Nígbà tó débẹ̀, Sẹ̀kínát ti ń sọ tirẹ̀ fún adájọ́. Ọlọ́pàá ní kó jókòó, kó sì pa ẹnu mọ́.

Nígbà tó yá, Sẹ̀kínát gba ẹnu ọ̀nà ọgbà jáde pẹ̀lú Labeebah. Adájọ́ ti pàṣẹ. Bàbá rí apá Sẹ̀kínát.

"Muideen ní o ṣubú ní balùwẹ̀."

"Mi ò ṣubú, Bàbá."

Bàbá tún wo apá náà. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Ajarat. "Àlájà, o tàn mí."

"Mo kí yín ni, sà."

"Bàbá mi àgbà kò pa ẹkùn kankan."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Muideen ń pè é láti ẹnu géètì pé kí wọ́n máa lọ. Bàbá kò wo ibẹ̀. Ó sún sẹ́yìn lórí àga, pẹ́pẹ́yẹ tún ké, Labeebah sì bú sẹ́rìn-ín.

"Tún apá ẹkùn yẹn sọ," bàbá ní. "Kí ọmọ yìí gbọ́."