Irúgbìn Sóyà Tó Sùn ní Òkè Àrin

Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà ní sẹ́kọ́ńdìrì kí n tó sá wá sí Èkó, àmọ́ tí ẹ bá gbọ́ bí mo ṣe ń ṣàlàyé iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ẹ máa rò pé èmi ni mo kọ́ òjò bó ṣe ń rọ̀.

Ọjà inú páálí ni mò ń tà ní Òkè Àrin: mílíìkì, tòmátò alágolo, bísíkíìtì, ṣúìtì. Ìyàrá kan ni mo ní ní Ìsàlẹ̀ Èkó, lẹ́yìn Ìga, ààfin ọba. Láti ogún ọdún tí mo ti wà níbẹ̀, ata inú garawa ni ohun kan ṣoṣo tí mo gbìn, ewúrẹ́ ará ilé sì jẹ ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, ló ń dáko. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ó padà sílé bàbá wa lágbègbè Ọ̀yọ́, wọ́n sì gé díẹ̀ fún un nínú ilẹ̀ ẹbí. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún tó kọjá, àgbà ẹbí wa pe gbogbo wa jọ. Ó ní àwọn kan ń wá ilẹ̀ tí wọ́n máa fi dá oko pákí ńlá. Ẹni tó bá dáko kún ilẹ̀ tiẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án. Ẹni tí tiẹ̀ bá ṣófo, kó gbàgbé ẹ̀. Ilẹ̀ yẹn nìkan sì ni ẹ̀gbọ́n mi ní láyé.

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo ti wo fídíò lórí fóònù, mo ti gbọ́ pé àwọn tó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ ń wá sóyà lójú méjèèjì. Mo ní ká gbin àgbàdo sétí ọ̀nà, ká fi sóyà kún gbogbo ìyókù.

Bí a ṣe ń ṣe ní Òkè Àrin ni pé ìgbà tí ọjà bá pọ̀ là ń rà á. A ó tò ó dé òrùlé, a ó jókòó tì í títí tó fi máa wọ́n. Ọgbọ́n kan tí mo ní nìyẹn, òun ló sì ń bọ́ mi. Nígbà ọyẹ́ yẹn náà, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè sóyà l'Ókè Ọya, ọkọ̀ ẹrù já a sí Apọ́ngbọ̀n, mo ra àpò mẹ́ta. Mo tò ó sórí páálí mílíìkì, lábẹ́ páànù gan-an. Ibẹ̀ ló wà títí di oṣù kẹfà. Ooru ibẹ̀ ń mú kí ṣúìtì yọ́ mọ́ bébà. Mo rí ṣúìtì yẹn o. Mo tiẹ̀ bínú sẹ́ni tó ṣe é. Kò wá sí mi lọ́kàn láti gbójú sókè wo àpò.

Ẹ̀gbọ́n mi ní irúgbìn tiẹ̀. Àgbàdo wà lókè ààrò, èéfín ti sọ ọ́ dúdú. Sóyà wà nínú kẹ́ẹ̀gì tó dé pinpin, ní kọ̀rọ̀ tó tutù. Mo rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí mi, ẹ ta sóyà yẹn fáwọn tó ń ṣe wàrà sóyà. Tuntun ń bọ̀ láti Èkó."

"Ṣó o ti dán an wò?"

"Kí la fẹ́ dán wò? Ọjà Òkè Àrin kì í bàjẹ́."

"Bàbá Èkó! Ṣé ọjà Òkè Àrin máa ń hù ni?"

Àwọn obìnrin tó jókòó tì í rẹ́rìn-ín. Èmi náà rín. Ó ta sóyà rẹ̀ torí pé àbúrò rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Àgbàdo nìkan ló kọ̀ tí kò tà.

A gbin àgbàdo rẹ̀ àti sóyà tèmi nígbà tí òjò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Mo fi okùn wọn ilẹ̀ bíi bíríkìlà. Ihò ò jìn ju oríkèé ìka kan lọ, bí fóònù ṣe wí. Ẹ̀yìn mi dà bíi tẹni tí wọ́n nà. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, àgbàdo ẹ̀gbọ́n mi yọ. Lọ́jọ́ kẹwàá, téèyàn bá rìn títí nínú sóyà tèmi, ó lè rí ẹyọ kan tó tẹrí ba bí ẹni tó jẹ̀bi. Mo bínú sí àparò. Mo bínú sí òjò. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìka wa ilẹ̀, ó yọ hóró kan, ó tẹ̀ ẹ́. Ó ti rà, ó ń rùn.

"O ti sè é kó o tó gbé e wá," ló wí. Kò pariwo.

A wá irúgbìn mìíràn kiri. Àwọn ará abúlé ti gbin tiwọn tán, àwọn oníwàrà sì ti fi ti inú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ ṣe wàrà. Àgbàdo tó kù ò kún abọ́ kan. Kí á tó mọ̀, koríko ti gba gbogbo ilẹ̀ náà.

Àgbà ẹbí dé pẹ̀lú àwọn tó fẹ́ gbin pákí. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú koríko.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, a gbìn ín. Èmi ni mo ṣàṣìṣe."

"Kí lẹ gbìn?"

"Sóyà ni, sà."

"Sóyà wo? Ṣé abẹ́ ilẹ̀ ni tìẹ ti ń so ni?"

Àwọn tó tẹ̀ lé e rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ò rín. Wọ́n ní ká dúró kí àgbàdo etí ọ̀nà gbó, ká ya á, ká máa lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbin sóyà, ẹ má tọ́jú ẹ̀ síbi tó gbóná, ẹ má sì gbà pé ó dáa torí pé ó ń dán. Ẹ ka hóró mẹ́wàá, ẹ wé e sínú aṣọ tútù, ẹ gbé e síbòji. Tó bá di ọjọ́ karùn-ún tí mẹ́jọ hù, ẹ lọ gbìn ín. Tó bá jẹ́ mẹ́ta tàbí méjì, ẹ wá òmíràn kí òjò tó lọ. Àkísà kan ni gbogbo ẹ̀ gbà. Kò tiẹ̀ gba ìwé mẹ́ta.

Ọ̀dọ̀ mi ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé báyìí. Orí bẹ́ẹ̀dì ló ń sùn, èmi wà lórí ẹní. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rí abọ́ kan lójú fèrèsé, aṣọ tútù wà nínú ẹ̀.

"Mélòó ló hù?" mo bi í.

"Mẹ́sàn-án."

Ó wo ìta. Sìmẹ́ńtì ni, lẹ́yìn ẹ̀ gọ́tà, lẹ́yìn gọ́tà ògiri ilé kejì. Ó ká aṣọ náà padà bó ṣe wà, ó wọ́n omi sí i.

Mo wọ bàtà mi, mo gba ṣọ́ọ̀bù lọ.