Iná Pupa Inú Ọkọ̀ Sverre

Ọdún kẹrìnlélọ́gbọ̀n rèé tí Torunn Eikeland ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní Lauvika, nísàlẹ̀ òkè, níbi tí títì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkun. Ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ apẹja àti katakata ni bàbá rẹ̀ fi kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tí gbogbo ìlú pa ọkọ̀ elépo tì, tí wọ́n ń ra èyí tó ń lo iná mànàmáná, ó ti pé ẹni àádọ́ta ọdún, síbẹ̀ ó padà sílé ẹ̀kọ́ láàárín àwọn ọmọ tó lè bí, ó sì yege. Láti ìgbà náà, bí Torunn bá ti ní nǹkan kan ò ṣe ọkọ̀, wọn kì í tún béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíì. Òun náà kì í tún bi ara rẹ̀ léèrè.

Ní oṣù kejì ọdún, Sverre Lote gbé ọkọ̀ oníná mànàmáná rẹ̀ tọ̀ ọ́ wá. Ẹni ọgọ́rin ọdún ó dín méjì ni. Ogójì ọdún ló fi wa ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò sọdá, òun àti Åshild ìyàwó rẹ̀ nìkan ló sì ń gbé nínú ilé wọn lórí òkè lọ́hùn-ún. Ó ní bí òun bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, iná pupa bíréèkì á tàn níwájú òun. Bí òun bá sì ti dé etí òkun, á kú. Torunn so kọ̀ǹpútà mọ́ ọkọ̀ náà, kò rí nǹkan gidi. Ó ṣí ibi tí òróró bíréèkì wà, ó rí i pé ó fi díẹ̀ dín, ó bu kún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà, ó wo páàdì bíréèkì, èyí tó ń fún irin táyà mọ́ra, láti ìta: ó nípọn bíi tuntun. Ó ní kí bàbá máa lọ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí bàbá fi padà dé. Iná tún ti ń tàn. Torunn tún bu òróró sí i. Kò rí ibi tó ń jò, kò sì bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí òróró ọjọ́sí gbà lọ.

"Bàbá Sverre, ọkọ̀ yín ò ṣàìsàn," ló sọ, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ojú yín ló ń rí pupa. Ẹ lọ bá oníṣègùn ojú."

Bàbá ò bá a rẹ́rìn-ín. Ó ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun lòun máa ń gbé Åshild lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rù sì ti ń ba òun.

"Gòkè wá láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí o wà á sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ," ó ní. "Bí o bá ní kò sí nǹkan kan lẹ́yìn ìyẹn, mo gbà."

Torunn gbà kí bàbá lè fi òun lọ́rùn sílẹ̀.

Ọjọ́ tó lọ, òtútù mú débi pé ilẹ̀kùn ọkọ̀ ń han. Åshild fún un ní kọfí àti búrẹ́dì oníwàrà. Ọkọ̀ ti gba iná mọ́jú, bátìrì rẹ̀ kún bámúbámú. Ìyá ti wọ kóòtù rẹ̀ láti bá wọn lọ, Sverre ní kó dúró, àwọn ò ní pẹ́.

Bí wọ́n ti kọjú sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, Torunn gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí èyí tó ń mú ọkọ̀ sáré, ó ń retí kí ọkọ̀ fa ara rẹ̀ sẹ́yìn bí àwọn oníná mànàmáná ti máa ń ṣe. Kò fà. Ó ń já lọ ni. Torunn tẹ bíréèkì, ariwo irin lórí irin ló dá a lóhùn. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ títí. Iná pupa tàn. Kọ́nà tí òkun wà lábẹ́ rẹ̀ ti ń bọ̀. Kò mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ yí ọkọ̀ sápá òkè, sínú òkìtì yìnyín tí katakata wọ́ jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọkọ̀ rì sínú rẹ̀, ó dúró.

"Ṣé ìwọ náà rí iná náà?" Sverre béèrè jẹ́jẹ́.

"Mo rí i," ni Torunn wí.

Katakata aládùúgbò ló fà wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù. Torunn yọ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ohun tó rí sì mú un jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Páàdì ti ìta, èyí tó máa ń wò, nípọn lóòótọ́. Ti inú, tó fara pamọ́, ti jẹ tán. Irin lásán ló kù. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́ ti jẹ àwọn irin tó di páàdì mú, tó yẹ kó máa lọ, kó máa bọ̀. Wọ́n ti dípẹtà, wọ́n ti gan, páàdì ti inú nìkan ló wá ń ha lára irin. Nínú ọkọ̀ elépo, bíréèkì ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ìlò ni kì í jẹ́ kó gan. Nínú ti Sverre, mọ́tò iná ló ń dẹ eré, tó ń dá iná padà sínú bátìrì. Bíréèkì kàn jókòó lásán ni. Àmọ́ láàárọ̀, tí bátìrì bá ti kún lórí òkè, kò sáyè fún iná mìíràn, mọ́tò ò lè fà á sẹ́yìn mọ́. Bíréèkì tó ti kú yẹn nìkan ló kù fún bàbá àti ìyá.

Òróró náà ò jò. Bí páàdì ti ń jẹ ló ń lọ dí àyè tó ṣófo. Tí imú ọkọ̀ bá dorí kodò, ìwọ̀nba tó kù á ṣàn kúrò níbi tí ẹ̀rọ ti ń ṣọ́ ọ, iná á tàn. Òtítọ́ ni iná náà ń sọ látọjọ́ yìí. Torunn ló ń bu òróró sí i lẹ́nu kó má baà sọ̀rọ̀.

Ó pe Sverre wá sí ẹ̀gbẹ́ táyà, ó fi hàn án.

"Bàbá, èmi ni mo ṣì í ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ gbé e wá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ní kẹ́ ẹ máa gbé ikú lọ sílé."

Sverre wo irin náà títí. "Åshild ti wọ kóòtù rẹ̀ láàárọ̀ yìí," ó ní.

Ọjọ́ méjì ni Torunn fi ṣe é. Ó pààrọ̀ páàdì àti irin pẹlẹbẹ tó ń fún mọ́, ó ha ìpẹtà, ó fi gírísì pa á, ó da òróró àtijọ́ nù, ó rọ tuntun. Ó jẹ́ kí bátìrì kún, ó sì dá nìkan wà á sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè nígbà mẹ́ta. Iná ò tàn. Ó kìlọ̀ fún bàbá pé kó má jẹ́ kí bátìrì yó tán mọ́, kó sì máa tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ dáadáa lójú títì tó tẹ́jú lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó gbé ọkọ̀ tirẹ̀ sókè. Bíréèkì táyà ẹ̀yìn lápá òsì ti gan bákan náà. Òun tí gbogbo ìlú ń gbé ọkọ̀ fún.

Ó gbé fóònù, ó ń pe gbogbo oníbàárà tó ń gbé lórí òkè níkọ̀ọ̀kan, ó ní òun fẹ́ wo bíréèkì inú táyà wọn, ó ti yẹ kóun ti wò ó tipẹ́. Àwọn kan fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣẹ́ ti wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bá wọn jiyàn. Nínú ọkọ̀ mọ́kàndínlógún, mẹ́fà ló rí bíi ti Sverre. Ẹni tó ni ìkẹfà ni Solfrid, olùkọ́ tó ń kó àwọn ọmọ aládùúgbò sọ̀ kalẹ̀ lọ síléèwé láràárọ̀. Torunn fa àga fún un kó tó fi páàdì náà hàn án.