Ẹ̀rí tí Alukoro Wa Jẹ́

Ọdún yẹn ni tírélà tò lójú ọ̀nà èbúté, láti Coconut títí dé Liverpool Road, tí àwa awakọ̀ ń sùn lábẹ́ ọkọ̀ bí ewúrẹ́. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa ọdún náà; ẹni tó wà níbẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Èmi ni akọ̀wé ẹ̀ka ẹgbẹ́ awakọ̀ wa nígbà náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń bi mí bóyá fóònù ló ba ìyanṣẹ́lódì wa jẹ́. Rárá o. Fóònù kò lẹ́nu. Ènìyàn ló lẹ́nu.

Àwọn jàǹdùkú ló ń dá wa dúró lójú ọ̀nà, tí wọ́n ń fi ipá gba owó tí òfin kò mọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n fọ́ gíláàsì ọkọ̀ mọ́ awakọ̀ kan lójú, gbogbo wa pa ẹ́ńjìnnì. Ẹrù kankan kò jáde mọ́. Kò pẹ́ tí àwọn tó ni ẹrù fi ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ bá wa jókòó, kí wọ́n sì bá wa lé àwọn jàǹdùkú náà lọ. Ohun tó kù kò ju pé kí èmi àti Alága ẹgbẹ́ wà láàyè títí di ọjọ́ ìjókòó, nítorí àwọn jàǹdùkú ti ń wá wa kiri gbogbo Ajégúnlẹ̀.

Ìyá Ẹ̀bùn, opó kan tó ń yan ẹja ní Marine Beach, ló gbà wá sílé. Ó ní, "Ẹ jẹun, ẹ sùn. Ẹ má ṣáà jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ilẹ̀kùn mi."

Ẹni tó tún mọ ibẹ̀ ni alukoro ẹgbẹ́. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Kì í ṣe pé àánú rẹ̀ ń ṣe mí. Ó kàn fẹ́ràn kí wọ́n máa dárúkọ òun jù ni. Ọkùnrin tí kò lè mu omi láìkọ́kọ́ fi ife han gbogbo ayé. Ó gbé ẹ̀bà wá fún wa, ó sì na fóònù sí wa láti ya àwòrán wa.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Alága bi í.

"Ìrántí lásán ni, Alága mi. Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀ ná, ẹ fajú ro bí ẹni tó gbé kíníìnì mì."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, ó jẹ́rìí. Kì í ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì o. Pásítọ̀ wọn kì í jẹ́ kí máíkì pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Orí ayélujára ni. "Ẹ bá mi yin Olúwa lógo! Ọ̀tá ń wá wọn, Ọlọ́run fi wọ́n pamọ́!" Àwòrán wa wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀bà kún ẹnu Alága, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé Ìyá Ẹ̀bùn ń tàn lẹ́yìn wa. Àwọn èèyàn ń ṣe Àmín. Ẹnìkan wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ọlọ́run tóbi o, ẹ̀gbọ́n mi. Apá ibo nìyẹn, ká lè wá bá yín dúpẹ́?"

Ọmọlúàbí kúkú ni alukoro wa. Ta ló máa pe irú rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n tí kò ní dá a lóhùn? "Marine Beach ni, àbúrò, nítòsí ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ ojú omi mọ́." Ó tún fi àwòrán ọwọ́ tí ń gbàdúrà sí i.

Ọ̀sán gangan ni àbúrò rẹ̀ dé, òun àtàwọn jàǹdùkú ẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú pákó lọ́wọ́.

"Ẹni tí Ọlọ́run fi pamọ́ dà?" Wọ́n ń pariwo, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Chairman, we don come do thanksgiving o!"

Mo bẹ́ sínú ọkọ̀ ojú omi kan, mo fi àwọ̀n bora. Abẹ́ rẹ̀ ni mo wà tí mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wó ààrò Ìyá Ẹ̀bùn, tí mo sì gbọ́ igbe Alága nígbà tí apá rẹ̀ dá. Wọ́n gbé fóònù sí i lẹ́nu, wọ́n ní kó sọ fún àwọn awakọ̀ pé ìyanṣẹ́lódì ti parí. Ó sọ ọ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ́ńjìnnì ti ń dún káàkiri.

Kí la jèrè? Fún ìgbà díẹ̀, wọn kò na awakọ̀ mọ́ ní Coconut. Wọ́n ti rí i pé a lè dá èbúté dúró. Ṣùgbọ́n apá Alága kò lè yí síárìn ọkọ̀ mọ́. Ìyá Ẹ̀bùn kó lọ. Mi ò béèrè ibi tó kó lọ. Ó yẹ kí ẹnìkan wà tí kò mọ̀. Èmi, bí ẹnikẹ́ni bá gbé fóònù sókè nítòsí mi, ẹ̀yìn ni mo máa ń kọ sí i. Àwọn ọmọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ṣe é.

Àwòrán yẹn ṣì wà níbẹ̀. Lọ́dọọdún ni ayélujára ń rán alukoro létí rẹ̀, lọ́dọọdún ló sì ń gbé e jáde: "Ẹ wo ibi tí Ọlọ́run ti mú wa bọ̀!" Àmín á tún máa rọ̀ bí òjò. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́; ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ tirẹ̀ ń dán ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn ni ọ̀ràn bá. Ohun kan ṣoṣo tó jẹ wá ni kó pa àwòrán náà rẹ́. Mo pàdé rẹ̀ ní Liverpool Road láìpẹ́ yìí, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

"Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ẹ̀rí mà ni! Ṣé kí n wá pa ògo Ọlọ́run rẹ́ ni?"

"Ọlọ́run ti mọ ibi tí a wà kí o tó sọ ọ́. Ta lo wá ń sọ fún?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kọ́ mi lọ́rùn, ó gbé fóònù rẹ̀ sókè.

"Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i, ẹ̀gbọ́n. Ó mà ti pẹ́ tá a ríra o."

Mo fọwọ́ bojú, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.