Bọ́tìnnì Apá Òsì

Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Irọ́ ni o. Ignatius télọ̀ tó wà ní Ìgbóròkò, ní ìlú Ọ̀wọ̀, lẹ́ran láyà, ó lẹ́ran níkùn, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín tí gbogbo àdúgbò á gbọ́. Síbẹ̀, owú tó wà nínú ọkùnrin yẹn, bí wọ́n bá dà á sínú agbada, yóò dín àkàrà fún gbogbo ìlú. Ẹnì kan ṣoṣo ni Ignatius ń jowú láyé rẹ̀. Boniface ni.

Àwọn méjèèjì jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Ambrose ni. Ọwọ́ Boniface yá bí ẹ̀rọ. Ọwọ́ Ignatius falẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ́. Bọ́tìnnì tí ẹlòmíràn á fi abẹ́rẹ́ gbá lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni tirẹ̀. Ta ló ń ka ìyẹn? Bí Boniface bá ti gé ṣòkòtò kan tán báyìí, Ọ̀gá á gbé e sókè. "Ignatius, ṣé o rí i?" Ṣé o rí i, ṣé o rí i, lójoojúmọ́ ayé! Lọ́jọ́ kan tí Ọ̀gá tún sọ ọ́, Ignatius wà níbi tó ti ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú síwá sẹ́yìn kí iná rẹ̀ lè ràn. Inú bí i, ó fì í ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹyin iná kan fò jáde, ó sì bà lé Boniface lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì. Ojú ibẹ̀ bó. Nígbà tí Ọ̀gá sáré dé, Boniface ní òun lòun sún mọ́ iná jù. Ignatius ò sọ ohunkóhun. Kò tilẹ̀ ní pẹ̀lẹ́. Àpá náà kò tóbi ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ, ṣùgbọ́n kò lọ mọ́.

Àsìkò yẹn ni Ìbílọlá, ọmọ ìlú Ìpele, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, máa ń gbé aṣọ wá sí ṣọ́ọ̀bù wọn. Boniface á pa á lẹ́rìn-ín títí yóò fi jókòó. Ignatius á máa ti abẹ́rẹ́ rẹ̀ bọ aṣọ, á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, bẹ́ẹ̀ etí rẹ̀ ò fo ọ̀rọ̀ kan. Ní ọdún 1984, Boniface di ẹrù rẹ̀, ó gba Èkó lọ. Ní ọdún 1985, Ìbílọlá fẹ́ Ignatius nínú ìjọ Àgùdà, ayé gbọ́, ọ̀run mọ̀. Ó yẹ kí ọkàn ọkùnrin balẹ̀, àbí? Kò balẹ̀. Ìbéèrè kan ń jẹ ẹ́ nínú bí ìdin: ṣé èmi ni obìnrin yìí yàn ni, àbí èmi ló ṣẹ́kù? Kò bi í rí. Ẹ̀rù ìdáhùn ń bà á.

Ọdún 1986 ni lẹ́tà dé. Ọ̀gá Ambrose ni wọ́n kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n ojú bàbá ti ń ṣe bàìbàì, Ignatius ló sì máa ń bá a ka lẹ́tà. Boniface kọ̀wé pé òun ti ríṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá kan, irú èyí tí àwọn olówó òyìnbó fi ń gbafẹ́ kiri òkun, òun ló ń gbé oúnjẹ fún wọn. Ó ní bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin kankan ò gbọdọ̀ wọ yàrá ìjẹun láìwọ kóòtù dúdú, kó sì de bóò-táì dúdú, táì kékeré bíi labalábá, mọ́ ọrùn. Ó ní òun rí olówó kan tí wọ́n dá padà lẹ́nu ọ̀nà bí ọmọdé tí kò fọ ẹsẹ̀. Fọ́tò kan wà nínú lẹ́tà náà: Boniface fúnra rẹ̀, nínú kóòtù dúdú, ó rẹ́rìn-ín, òkun wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ignatius," Ọ̀gá Ambrose ní, ó gbé fọ́tò náà sún mọ́ imú, "ṣé o rí i?"

Háà! Kàkà kó sàn lára ìyá àjẹ́, gbogbo ọmọ rẹ̀ ló ń bí lóbìnrin. Ignatius ní kí Ọ̀gá fún òun ní fọ́tò náà kí òun bá a fi gíláàsì sí i. Ilé rẹ̀ ló gbé e lọ. Ó kọ́kọ́ fi han Ìbílọlá, kì í ṣe nítorí fọ́tò, bí kò ṣe kó lè wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń wò ó. Ìbílọlá wò ó pẹ́. Ó yí orí díẹ̀, ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún pa á dé. "Ó sanra sí i," ló kàn sọ, ó sì dá fọ́tò padà. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ọkọ rẹ̀ fi sùn, òun náà ló fi jí.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti búra pé kóòtù yẹn, òun á rán an, òun á sì rán an ju bó ṣe wà lọ́rùn Boniface. Ó gbé fọ́tò náà kọ́ sókè ẹ̀rọ rẹ̀, ó wá ń fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wo ojú rírán kọ̀ọ̀kan lára kóòtù náà. Bọ́tìnnì wà ní apá òsì. Àpò àyà wà ní apá ọ̀tún. Télọ̀ ni Ignatius, ó mọ̀ pé obìnrin là ń rán bẹ́ẹ̀ fún. Ẹlòmíràn ì bá kọ lẹ́tà lọ bi ọ̀rẹ́ rẹ̀. Òun? Kóun tọrọ ìmọ̀ lọ́wọ́ Boniface? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ó dá ara rẹ̀ lóhùn: àṣírí kóòtù ojú omi nìyẹn, òyìnbó inú ọkọ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ òyìnbó orí ilẹ̀. Ó gé e bó ṣe rí i.

Ẹ ò rí nǹkan! Kóòtù náà sọ ọ́ di olókìkí. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbádé, alága ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní ìlú, wọ ọ̀kan, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó sì kéde pé láti ọdún 1987 lọ, kò sí ẹni tí yóò wọlé àsè ọdún Kérésì ẹgbẹ́ láìwọ kóòtù dúdú àti bóò-táì. Àwọn kan kùn nítorí ooru. Ó ní, "Nígbà ọdún Ìgógó, ta ló ń dé fìlà ní Ọ̀wọ̀ yìí? Obìnrin wo ló ń wé gèlè? Ta ló sì bi wá léèrè? Ẹni tó mọ òfin aṣọ là ń pè ní ọmọ Ọ̀wọ̀." Nígbà tí wọ́n bi í nípa bọ́tìnnì, Ignatius dáhùn pé bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ nínú ọkọ̀ nìyẹn. Gbogbo wọn gbà. Wọ́n tilẹ̀ fi ń yan lójú àwọn ará Àkókó tí bọ́tìnnì tiwọn wà lápá ọ̀tún. Ignatius ni wọ́n fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà àsè, lọ́dọọdún, kó máa yẹ ọrùn àti àyà ènìyàn wò.

Lẹ́tà Boniface ò dáwọ́ dúró. Ní ọdún 1994, ó kọ̀wé pé ìrọ̀lẹ́ kóòtù dúdú tó jẹ́ mẹ́rin nínú ìrìn àjò kan ti di méjì. Ní ọdún 1997, ó ní àwọn èrò ọkọ̀ ti ń fi ṣòkòtò péńpé jẹun alẹ́, wọ́n ní àwọn ò sanwó ìsinmi kí ẹnikẹ́ni wá fi táì fún àwọn lọ́rùn. Ignatius ló ń ka gbogbo rẹ̀ sí Ọ̀gá létí. Tó bá dé ibi ọ̀rọ̀ kóòtù, á fò ó. "Ó ní kí n kí yín o, Ọ̀gá. Ó ní ara òun le."

Lóṣù Kejìlá ọdún 1998, Boniface wálé. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbádé gbọ́, ó sáré pè é sí àsè gẹ́gẹ́ bí àlejò pàtàkì. Oorun kúrò lójú Ignatius fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ó rán kóòtù tuntun fún ara rẹ̀, ó fi sílíìkì sí kọ́là rẹ̀, ó ní kí Ìbílọlá wọ aṣọ tó dára jù, kó jókòó níwájú. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá: kí Boniface dúró lójú ìyàwó òun, kó wo ogójì ọkùnrin nínú iṣẹ́ ọwọ́ òun, kó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò tó Ignatius.

Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, Boniface dé. Ẹ gbà mí! Ṣẹ́ẹ̀tì alápá péńpé ló wọ̀, aláràbarà, tòun ti sálúbàtà lẹ́sẹ̀ àti àpò kan léjìká. "Ignatius!" ló pariwo, ó la apá méjèèjì.

Ignatius na ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà. "Òfin ẹgbẹ́ ò mojú ẹnikẹ́ni, Boniface. Kóòtù dúdú ni." Ọkàn rẹ̀ ń jó nínú. Ọdún méjìlá ló ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yẹn.

Boniface wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Inú ọkọ̀ gan-an, wọ́n ti ń pa á tì. Nígbà tí wọ́n ń kó èyí tó pọ̀ jù dànù ni mo mú ọ̀kan wá fún ọ, kí o lè rí bí wọ́n ṣe rán an." Ó fa kóòtù kan yọ nínú àpò, ó gbé e wọ̀ sórí ṣẹ́ẹ̀tì aláràbarà náà, ó sì wọlé.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ sọ. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbádé na ìka sí i. "Boniface, ta ló rán tìrẹ? Wọ́n ti gbé bọ́tìnnì rẹ sí ọ̀tún! Ignatius, bá a tún un ṣe lọ́la o!" Gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín, àfi Rufus, akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tí kì í tètè rẹ́rìn-ín. Ó wo àyà tirẹ̀, ó wo àyà Boniface. "Ẹ dúró ná," ó ní. "Nínú àwa àti òun, ta ló ti inú ọkọ̀ bọ̀?"

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Ogójì ọkùnrin tẹ orí wo bọ́tìnnì ara wọn. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Háà, ṣé bí ọba ṣe ń múra bí obìnrin nígbà Ìgógó la ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí ni?" Gbogbo ojú yí sí Ignatius.

Boniface bọ́ sáàárín. "Ẹ̀yà méjì ló wà," ó ní, láìṣẹ́jú. "Tiyín ni ti àwọn ọ̀gá. Ẹ wo ọ̀nà abẹ́rẹ́ rẹ̀ ná! Ẹ̀rọ ló rán tèmi, ènìyàn ló rán tiyín." Wọ́n gbà á gbọ́, tàbí wọ́n fẹ́ gbà á gbọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n jẹun. Ignatius ti àwo tirẹ̀ sẹ́yìn. Ó mọ̀ pé irọ́ ni, ó mọ̀ pé nítorí òun ni Boniface ṣe pa á. Boniface tún borí òun, pẹ̀lú oore! Ì bá sàn kó tiẹ̀ dójú ti òun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, kóòtù inú ọkọ̀ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, fọ́tò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń wo èyí, ó ń wo ìyẹn. Kóòtù kan náà ni. Wọ́n kàn dojú kọ ara wọn ni. Ìbílọlá wọlé, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Òdì ni wọ́n tẹ fọ́tò yẹn, Bàbá Fúnmiọlá. Gbé e sí dígí."

Ó gbé e síwájú dígí ńlá tí àwọn oníbàárà fi ń wo aṣọ. Lẹ́sẹ̀kan náà, bọ́tìnnì bọ́ sí ọ̀tún, àpò àyà bọ́ sí òsì. "Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Ọjọ́ tí o gbé e wálé. Àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà lápá ọ̀tún."

Ignatius yí fọ́tò padà. Òótọ́ ni, àpá náà rèé, ọ̀tún ló wà. Àpá tí òun fúnra òun fi áyọ́ọ̀nù dá sí i lára, tí kò sí ẹni tó yẹ kó mọ apá tó wà ju òun lọ! "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Bí mo bá sọ ọ́, kí ni ìwọ ìbá bi mí? Ṣé ti bọ́tìnnì ni? Ìwọ ìbá ní kí ni mo ń wá lójú Boniface tí mo fi mọ ibi tí àpá rẹ̀ wà. Bí wọ́n bá gbé fọ́tò ọ̀rẹ́ ẹni fúnni, ojú rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ìwọ nìkan ni mo rí tó fi ọdún méjìlá wo kóòtù."

Ó gbé fọ́tò náà sórí ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ló bèèrè ohun tó ti ń jẹ ẹ́ nínú láti ọjọ́ pípẹ́. "Ìbílọlá, ṣé èmi lo yàn, àbí èmi ló ṣẹ́kù?"

Obìnrin náà wò ó bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. "Boniface bi mí kó tó lọ sí Èkó. Mo sọ fún un pé ẹni tó ń gbá bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mẹrin ni mo fẹ́. Kò bínú. O ò bi mí rí, mo rò pé o mọ̀ ni." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹni tí mo ti kọ̀ lo ń bá jà láti ọjọ́ yìí."

Ignatius dìde. Ọkọ̀ tí Boniface fẹ́ wọ̀ yóò gbéra ní gáréèjì ní agogo mẹ́sàn-án.

"Kóòtù rẹ ńkọ́?" Ìbílọlá bi í.

"Jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Bùbá tó fi sùn ló wọ̀ dé gáréèjì. Ó bá Boniface níbi tó ti ń di àpò rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Boniface yíjú, ó fẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rí ojú rẹ̀, ó jọ̀wọ́ àpò náà. Ignatius na ìka, ó fi kan àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì náà jẹ́jẹ́.

"Pẹ̀lẹ́," ó ní. "Mi ò sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn."