Ọwọ́ Ìkọ̀wé Abọ́dúndé

Nígbà tí ẹbí Ọ̀jẹ̀túndé fẹ́ kọ ìtàn ìdílé wọn lọ́dún 1976, Fúnlọ́lá ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, torí òun nìkan ló mọ táípù nínú wọn. Iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́fíìsì kan ní Yaba nìyẹn. Bàbá Ọlápàdé, olórí ẹbí, á jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, á máa sọ ọ́, Fúnlọ́lá á máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Ojú ewé mẹ́sàn-án ni bàbá àgbà, Ọ̀jẹ̀túndé, nìkan gbà: akọ̀wé rélùwéè, ọ̀mọ̀wé àkọ́kọ́ nínú ìdílé. Ìyá tó bí Bàbá Ọlápàdé gba mẹ́ta. Nígbà tó kan ìyá tó bí bàbá Fúnlọ́lá, kò ju èyí lọ: "Abọ́dúndé, obìnrin kan tí Bàbá gbà sílé kó tó gbéyàwó. Kò mọ̀wé."

Fúnlọ́lá gbé bírò sókè. "Ṣé ó tán, Bàbá?"

"Kí ló tún kù? Ó ti kú kí wọ́n tó bí ẹ. Kọ ọ́ lọ."

Fúnlọ́lá ò mọ ìyá náà lójú, àwòrán rẹ̀ kankan ò sì sí nílẹ̀. Àmọ́ ó tún ọ̀rọ̀ náà kà. Obìnrin tí wọ́n kàn gbà sílé, bí ìgbà téèyàn gba ẹyẹlé. Lọ́jọ́ Sátidé, ó forí lé ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan ní Ẹ̀bútè-Mẹ́ta, níbi tí wọ́n ti ṣèrìbọmi fún bàbá rẹ̀ olóògbé.

Àǹtí Ethel tó ń tọ́jú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ní òun ò ráyè, kó padà wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló padà lọ. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó gbé oúnjẹ ọ̀sán dání, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó ń jẹun. Ẹ̀rín pa Àǹtí Ethel, ó mú kọ́kọ́rọ́.

Ìwé ìgbéyàwó ọdún 1923 ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Ọ̀jẹ̀túndé àti Abọ́dúndé, tọkọtaya, níwájú gbogbo ìjọ. Níbi tó yẹ kí ọkọ fọwọ́ sí, àgbélébùú kékeré kan ni wọ́n fà, àlùfáà sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé àmì ọkọ nìyí. Lábẹ́ rẹ̀, ìyàwó kọ orúkọ ara rẹ̀ gbọọrọ, lẹ́tà d rẹ̀ méjèèjì tẹ orí sẹ́yìn bí ìwọ̀.

"Ọkọ ni ò mọ̀wé," ni Àǹtí Ethel wí.

Wọ́n ṣí ìwé ìrìbọmi. Lọ́dún 1928, wọ́n ṣèrìbọmi fún Ọláṣùpọ̀, bàbá Fúnlọ́lá. Lọ́tẹ̀ yìí, Ọ̀jẹ̀túndé kọ orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, lẹ́tà d tirẹ̀ náà sì tẹ orí sẹ́yìn bí ìwọ̀. Fúnlọ́lá fi ìka tọ ọ́. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ ẹni tó kọ́ Ọ̀jẹ̀túndé níwèé fún un mọ́.

Ó tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ ìtàn ìdílé náà, ó gbé e lọ bá Bàbá Ọlápàdé.

"Yọ ọ́ kúrò. O fẹ́ ta epo sáṣọ àlà bàbá mi."

"Bàbá tèmi náà ni. Mi ò ní yọ ọ́."

"Màá gbé e fẹ́lòmíì tẹ̀."

"Ẹ gbé e fún un, Bàbá. Ẹni tó bá kà á pé Abọ́dúndé ò mọ̀wé, màá mú un dé ṣọ́ọ̀ṣì."

Wọ́n gbé e fẹ́lòmíì lóòótọ́. Ọjọ́ tí wọ́n ń pín ìwé náà nípàdé ẹbí, ẹnikẹ́ni ò pe Fúnlọ́lá. Ó wọṣọ, ó lọ. Ó ti tẹ ìtàn Abọ́dúndé sórí ogójì ewé, ó sì ń fi í lé wọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ilẹ̀kùn. Bàbá Ọlápàdé ní kí wọ́n tì í síta.

Àǹtí Kíkẹ́, àbúrò Bàbá Ọlápàdé, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, dìde. "Ẹ̀gbọ́n, Bàbá sọ ọ́ lójú èmi àti ẹ̀yin pé ìyàwó òun àkọ́kọ́ ló kọ́ òun ní ABD. Ẹ má sọ ara yín di òpùrọ́ lágbà."

Àǹtí Kíkẹ́ ká ewé náà, ó fi í sáàárín ìwé tirẹ̀. Àwọn obìnrin tó kù ṣe bẹ́ẹ̀.

Odindi ọdún méjì ni Bàbá Ọlápàdé ò fi bá Fúnlọ́lá sọ̀rọ̀. Fúnlọ́lá ò pa ìpàdé ẹbí kankan jẹ. Àga iwájú ló sì máa ń jókòó sí.