Ẹ̀yìn Mùyídéènì Káfíńtà

Ọgbọ̀n ọdún ni Mùyídéènì fi kan òrùlé ní Òṣogbo, kò já bọ́ lọ́jọ́ kan. Ẹ bi àwọn ará Òkè-Fìà wò. Ọkùnrin náà á dúró lórí igi àjà bí ẹni dúró ní pálọ̀, á fi ìṣó há eyín, síbẹ̀ á máa kọrin wákà. Àga ìjókòó inú bàálù ló wá ṣẹ́ ẹ lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín!

Mukhtar ọmọ rẹ̀ ló ra tíkẹ́ẹ̀tì fún un pé kó wá kí ọmọ tuntun l'Ábújà. Àlọ dára, àbọ̀ ni wàhálà dé. Nígbà tí bàálù fẹ́ balẹ̀ l'Ékòó, ńṣe ló já lulẹ̀ gbì, ó ta sókè, ó tún já lulẹ̀, táyà bẹ́, ó wọ́ lọ sínú koríko. Mùyídéènì gbọ́ nǹkan kan tó ró kẹ́ ní ìbàdí rẹ̀. Rédíò ní ẹnikẹ́ni ò kú, ibẹ̀ náà ló sì parí sí.

Wọ́n kó àwọn èrò inú bàálù jókòó sí yàrá kan. Ọmọkùnrin kan láti iléeṣẹ́ tó ni bàálù náà ń mú fọ́ọ̀mù kiri.

"Bàbá, ṣé kò sí nǹkan tó ṣe yín?"

"Alihamudulilahi, kò sí nǹkan kan. A dúpẹ́."

Kí ni kó tún sọ? Níbo ni wọ́n ti ń kí èèyàn tí yóò kọ́kọ́ ki ìrora bọnu? Èèyàn á dúpẹ́ ná, ẹni tó ń kí i á tún bi í pé, "Ara le dáadáa ṣá?" Ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ á tó jáde. Mùyídéènì ń dúró de ìbéèrè kejì. Ọmọ náà ti kọ̀wé, ó ti ní kó tẹ̀ka, ó ti kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Kí oṣù kan tó pé, ẹsẹ̀ òsì ti ń kú, ọ̀tún sì tẹ̀ lé e. Dókítà ya àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀: eegun kan ti fọ́. Bí wọn ò bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ, kò ní lè dìde mọ́, iṣẹ́ abẹ ọ̀hún sì kọjá agbára òun àti Mukhtar. Àwọn aládùúgbò ń wọlé, wọ́n ń jáde: "Ẹ kú ewu o! Ẹ ṣáà máa dúpẹ́." Ọpẹ́ yẹn sú u dọ́ba.

Ó wá ku iléeṣẹ́ tó ni bàálù, bóyá wọ́n á sanwó iṣẹ́ abẹ. Àdíját ìyàwó rẹ̀ gbé e lọ́wọ́ kọ́rùn, wọ́n lọ sí Èkó. Obìnrin Iléṣà kan, Ìbídùn, ló dá wọn lóhùn. Ó yí fọ́ọ̀mù sí wọn.

"Bàbá, ẹ ní kò sí nǹkan kan. Ìka yín rèé."

"Ọmọ mi, ó kí mi ni, mo sì dáhùn. Ṣé kí n máa pariwo ẹ̀yìn lé ẹni tó kí mi lórí ni?"

Ìbídùn wolẹ̀. "Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, sà. Bàbá tèmi náà, ohun tí wọ́n máa sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá tó ń ka ìwé yìí ò gbọ́ Yorùbá."

"Ìwọ ńkọ́?" Àdíját figbe ta. "Ìwọ náà ò gbọ́ ọ ni?"

Ìbídùn dá fọ́ọ̀mù padà sínú fáìlì. Bí wọ́n ṣe padà sílé lọ́wọ́ òfo nìyẹn.

Ní oṣù kẹrin lẹ́yìn tí bàálù já lulẹ̀, ìjì ṣí páànù ilé wọn. Àdíját lọ bẹ Ọdúntán, káfíńtà àdúgbò kejì. Mùyídéènì jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ń fetí gbọ́ ìṣó.

"Ọdúntán! Ìyẹn ò bá igi!"

"Ọ̀gá, ẹ má dà mí láàmú jàre! Bó bá dùn yín, ẹ gun àkàbà wá kàn án!"

Àwàdà ni, bí àwọn méjèèjì ṣe máa ń bú ara wọn láti ogún ọdún nìyẹn. Mùyídéènì gbá apá àga mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó fẹ́ dìde. Ẹsẹ̀ ò gbọ́.

Òòlù dákẹ́ lókè.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo gbàgbé ni."

"Kan ìṣó rẹ, Ọdúntán. Òjò ń bọ̀."