Àdúrà Tí Mo Gé Sí Méjì

"Ìwọ lo gé àdúrà ọmọ-ọmọ mi sí méjì?"

Bí èmi àti ìyá Fọlákẹ́ ṣe kọ́kọ́ mọra nìyẹn, lórí fóònù, ní ṣọ́ọ̀bù fídíò mi ní Adankolo, ní Lokoja.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Fọlákẹ́, Lokongoma, ní Lokoja kan náà, ló ń gbé. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wá ọmọ. Nígbà tó bí i, èmi ni mo ya fídíò ìsọmọlórúkọ. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ kò gbé e wá láti Ìjùmú, ó sì ti ní dandan ni kí òun náà ṣe Àmín.

Irú fláàṣì tí tẹlifíṣọ̀n ìyá náà lè kà kì í gba fáìlì kan tó bá ju gíìgì mẹ́rin lọ, bí àyè tilẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Bí iṣu tó tóbi ju ẹnu ìkòkò lọ ni: inú gbà á, ẹnu ni kò gbà á. Gíìgì méje ni fídíò mi. Mo ní kí kọ̀ǹpútà gé e, mo fi rán awakọ̀, ó parí.

Kọ̀ǹpútà ò kúkú mọ àdúrà. Ibi tí gíìgì mẹ́rin pé sí ló gé e sí. Bàbá àgbà tó gbàdúrà níbi ìsọmọlórúkọ ń wí pé, "Wàá gbó, wàá…" ni tẹlifíṣọ̀n bá dákẹ́.

"Wàá kí ni?" ni ìyá náà bi mí.

"Wàá tọ́ ni, mà. Ó wà nínú fáìlì kejì."

"Ṣé ìwọ ni bàbá tó ń gbàdúrà ni?"

Inú bí mi. Mo pe Fọlákẹ́ pé ìyá rẹ̀ ti le jù. Ó ní, "Ọdún mẹ́sàn-án ni màmá mi ti ń dúró de Àmín yẹn."

Ojú tì mí gan-an. Mo jókòó, mo fi etí ara mi gbọ́ fídíò náà látòkèdélẹ̀. Bí mo bá dúró dé Àmín kí n tó gé e, á ju gíìgì mẹ́rin lọ. Mo wá gé e sí mẹ́ta, àdúrà sì dá fáìlì tirẹ̀ ní. Èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ sí Ìjùmú.

"Okun o, ọmọ mi," ni ìyá fi kí mi lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé o gbé Àmín mi wá?"

Láti ọjọ́ náà, mi ò jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá mi yan ibi tí mo máa gé mọ́.

Lọ́jọ́ náà ní Ìjùmú, mo ki fláàṣì bọ tẹlifíṣọ̀n. Bàbá gbàdúrà dópin, àwọn ará Lokoja ṣe Àmín tiwọn, fáìlì tán. Ìyá ká gèlè kúrò létí, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó wá ṣe tirẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ti dákẹ́. Ohùn rẹ̀ nìkan ló kún ilé.